Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà àti Tábìlì Kúlà

Ọjọ́ Àìkú, ó ku ọ̀la kí ìsinmi bẹ̀rẹ̀

Alága ti sọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì fepo bọyọ̀. Ó pè mí sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án yìí, ó ní kí n jókòó, bẹ́ẹ̀ kì í ní kí èèyàn jókòó. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ti wá bá òun pé àwọn lè máa gbé oúnjẹ inú páálí wá sí ọgbà ìgbafẹ́ wa láràárọ̀. Kò ní sí iná dídá, kò ní sí abọ́ fífọ̀, kò ní sí owó oṣù èèyàn mẹ́fà.

"Ìyá Ìdáná, ìwọ náà wo tábìlì tó wà lẹ́nu géètì. Gbogbo ilé tó ń bọ̀ ló ń gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Òfin wa ni pé oúnjẹ ìta ò gbọdọ̀ wọlé, a ó gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á bínú, wọn ò sì ní ra tiwa. Tí mo bá rí tábìlì yẹn lófìfo kí ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà yìí tó parí, ilé ìdáná á dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá fọwọ́ síwèé wọn."

Mo ní ó dáa, sà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dáná níbẹ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn, ọjọ́ orí mi náà ò sì jẹ́ kó yá mi lára láti lọ kọ́ òmíràn.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n má tíì gbé ọkàn sókè. Ìyá rẹ̀, tó ti wà lọ́dọ̀ wa látìgbà tí orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbọ́ ọ láti yàrá. "Ìyàwó, ta ni ẹ fẹ́ kó ra ìrẹsì abọ́ kan ní ogójì?" Mo ní àwọn èèyàn ń rà á, mà. Ó ní, "Àwọn wo?"

 Àwọn ọmọ méjì tí èmi fúnra mi bí, abẹ́ igi tó wà níwájú géètì ni wọ́n ti máa ń jẹun kí wọ́n tó wọ ọgbà yẹn. Èmi náà ni mo sì ń di oúnjẹ fún wọn.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kìíní

Oòrùn mú, èrò pọ̀. Kúlà mẹ́tàdínláàádọ́ta. Bàbá Géètì ló kà á fún mi. Òun ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn, tó ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, tó sì ń dá a padà nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Mo rò pé iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n gbà mí sí. Ìrẹsì ni mo ń mú."

Kí n kọ iye oúnjẹ wa síbí, kójú máa tì mí dáadáa. Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé, ọgbọ̀n. Abọ́ ìrẹsì àti adìẹ, ogójì. Ọ̀dùnkún díndín, ogún. Omi ìgò kan, mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta péré ni ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì. Ìyá, bàbá àti ọmọ mẹ́ta, igba gbáko ni, wọn ò sì tíì mu omi o. Owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mi nìyẹn. Tí wọ́n bá ní kí èmi san án, màá wo ẹni tó dá a lé e lójú bóyá orí rẹ̀ pé.

Ọjọ́rú

Mo lọ bá Akọ̀wé, obìnrin tó ń dá iye lé nǹkan ní ọ́fíìsì. Mo ní kó jẹ́ ká ṣe abọ́ ọmọdé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wò mí títí. Ó ní ó dáa, àmọ́ ọrùn mi ló wà. Mo ní ibẹ̀ náà ló ti wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

A kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: Ìrẹsì ọmọdé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo se ìkòkò méjì lé sí ti tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ń wá, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń lọ. Ìyá àgbà kan dúró níwájú fèrèsé, ó ní, "Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá."

"Ogójì lánàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lónìí, ẹ wá ní kò ṣe nǹkan kan?" Ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní oúnjẹ àná ni.

Ẹnu ya èmi tí mo jí ní aago márùn-ún se é. Ọ̀gbẹ́ni Díndín, tó ń dín ọ̀dùnkún, ní ká kúkú gbé e sí ọgọ́ta, ká wò ó bóyá wọn ò ní tò wá. Mo fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Ìkòkò méjì yẹn la pín láàárín ara wa gbé lọ sílé. Ìyá ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó dùn. Kí ló wá fà á tí wọn ò fi rà á?" Mo lọ wẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì

Òjò láti àárọ̀. Kúlà mẹ́rin. Kì í ṣe mímọ̀ọ́ṣe wa, òjò ló lé wọn.

Ọjọ́bọ̀

Òjò lọ, ooru dé. Kúlà méjìléláàádọ́ta. Ní aago mẹ́rin, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wá gba tiwọn. Oòrùn ti bà á lórí tábìlì, ìrẹsì ti kan, ó ń hó. Obìnrin náà ò pariwo. Ó dà á sílẹ̀ níwájú Bàbá Géètì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí kúlà fi gbẹ. Ó ní, "Ẹ ò jẹ́ ká jẹ tiwa, apá wa ò ká tiyín. Kí ni kí àwọn ọmọ yìí jẹ, afẹ́fẹ́?"

Bàbá Géètì mú ìgbálẹ̀, ó gbá a. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún.  Ó dùn mí wọnú eegun, torí òdodo ni obìnrin yẹn sọ.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo ti rú òfin lónìí.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kan wá sójú fèrèsé, ó ra abọ́ ìrẹsì kan, ti àgbà, ogójì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé ṣé n lè fún òun ní abọ́ òfìfo mẹ́rin. Òfin ọ́fíìsì ni pé abọ́ kan, ṣíbí kan, ẹni kan. Mo wo àwọn ọmọ náà. Mo fún un ní mẹ́rin àti ṣíbí mẹ́rin.

Mo ń wò ó láti ibi iná. Ó fi ṣíbí gé adìẹ náà sí mẹ́rin, ó fi awọ fún èyí tó fẹ́ awọ, ó bu díẹ̀ fún kékeré, ó bu púpọ̀ fún àgbà. Èyí àgbà ní, "Màámi, tiyín ńkọ́?" Ó ní òun ti jẹun nílé. Irọ́ ni. Èmi náà ti pa irú ẹ̀ rí.

Akọ̀wé rí abọ́ mẹ́rin ọ̀hún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí mi lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó ń fọ abọ́ wa, tó sì jù wá lọ, jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Àbúrò, ta ló ń fọ abọ́? Èmi kọ́? Ṣé mo ti ké gbàjarè?" Akọ̀wé lọ.

Ẹ̀gbọ́n wá pè mí sẹ́yìn. Ó ní kí n wo bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdàlẹ̀nù. Mẹ́ta kún fọ́fọ́, ìrẹsì tí àwọn ọmọdé jẹ kù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó kó abọ́ mẹ́rin obìnrin yẹn síwájú mi, hóró kan ò sí nínú wọn. "Ọdún méje ni mo ti ń da oúnjẹ ọmọdé nù. Ọmọ kì í jẹ abọ́ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bù fún un tán. Ìyá ẹ̀ ló mọ ibi tí ikùn ẹ̀ mọ."

Ọjọ́ Àìkú

Ó kàn mí láti sinmi lónìí, àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé. Mo jókòó, mo ń wo Ìyá bó ṣe ń pín oúnjẹ ọ̀sán. Kò wọ̀n ọ́n, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó mọ ẹni tí kì í jẹ àlùbọ́sà, ó mọ ẹni tó ń fẹ́ àfikún ṣùgbọ́n tí kò ní sọ. Ìkòkò kan, ẹnu márùn-ún, ó sì tó.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ti là mí lójú." Ó ní kí n jẹun kó má tutù.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kẹta

Mo lọ bá Alága kó tó bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀. Mo ní àwo ńlá kan ni mo fẹ́ máa tà: ìrẹsì, ẹran adìẹ ẹyọ mẹ́fà, ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́, jọ́ọ̀gì omi kan. Abọ́ òfìfo, iye tí wọ́n bá fẹ́. Ìyá wọn á pín in fún wọn bó ṣe ń pín in nílé. Ọgọ́rin.

"Ọgọ́rin fún gbogbo ilé? Ẹni mẹ́wàá á pín in jẹ."

"Kí ẹni mẹ́wàá pín in jẹ, sà. Mẹ́wàá ọ̀hún ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀."

Mo tún ní kó jẹ́ ká gbé iná wá síwájú, níbi tí wọ́n á ti máa rí ìkòkò wa, kẹ́nikẹ́ni má baà pè é ní oúnjẹ àná mọ́. Ó gbà. Ọ̀rọ̀ omi ló dà bí egungun lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó rìn lọ sídìí fèrèsé, ó padà. Ó ní, "Omi yẹn dùn mí o," ó sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́rú

Ilé búrẹ́dì kan ń kó kúrò, a ra ogún tíréè lọ́wọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ fún àwo ńlá yẹn. Ìpàǹtí dúdú ti lẹ̀ mọ́ wọn látọdún gbọ́nhan. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n fi kànrìnkàn irin ha wọ́n láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Apá mi ò fẹ́ gbé bírò yìí.

Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ kìíní Àwo Ilé. Orúkọ tí mo kọ sí pátákó nìyẹn. Mẹ́ta péré la tà. Bàbá kan jókòó ti tiẹ̀, ó ń retí pé ká wá bù ú fún òun. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ta ló ń bù ú fún ẹ nílé?" ó sì mú ṣíbí.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àfi pé ìjà dé. Adìẹ mẹ́fà, èèyàn márùn-ún. Ẹyọ kẹfà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé náà ká. Ọmọ méjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, fa itan adìẹ mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ti bímọ méjì, ó yẹ kí n mọ̀. Láti ọ̀la lọ, wẹ́wẹ́ ni màá máa gé e. Kò sẹ́ni tó máa ka adìẹ wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Tíréè mọ́kàndínlógún. Ogún la ní, ìkan yòókù jò. Kúlà méjìdínlógójì.

Ìyá àgbà tó ní oúnjẹ àná ni padà wá. Ó dúró ti iná tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń wo gbogbo nǹkan tí mò ń dà sínú ìkòkò. Ó ní iyọ̀ mi kéré. Ó rà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kẹrin

Epo gbígbóná ta sí mi lọ́rùn ọwọ́. Kúlà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọwọ́ mi ń ro mí, ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ Ẹtì

Adìẹ ti gbówó lórí. Ẹni tó ń kó o wá fún wa ò tiẹ̀ lè wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Kíá ni Akọ̀wé ti dé: ká gbé Àwo Ilé sí àádọ́fà.

 Tá a bá gbé e, tábìlì á tún kún. Mo ní kó bá mi dé ẹ̀yìn ná. Mo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdàlẹ̀nù hàn án. Mẹ́ta ló máa ń kún lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ìkan ló wà níbẹ̀, kò sì dé ìdajì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro rẹ̀, ó yẹ inú rẹ̀ wò bí ẹni tó sọ òrùka nù. Ó ní, "Ọ̀sán yìí nìkan ni?" Ẹ̀gbọ́n ní láti àárọ̀ ni.

Akọ̀wé padà sí ọ́fíìsì. Nígbà tó ku díẹ̀ ká ṣíwọ́, mo rí i nídìí tábìlì kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Àwo Ilé kan. Ọgọ́rin ló san. Mo gbà á pé èèyàn ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Kúlà mọ́kànlá. Bàbá Géètì ti ní ọgbọ́n tiẹ̀ báyìí. Kó tó gba kúlà lọ́wọ́ ẹni, á ní, "Ẹ lọ wo pátákó lọ́hùn-ún ná. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ padà wá jẹ tiyín lábẹ́ igi." Àwọn kan ń gbé kúlà wọn padà sínú mọ́tò. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti da ìrẹsì sí òun lẹ́sẹ̀, òru àná ni òun kọ́kọ́ sùn dáadáa.

Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kẹfà

Mẹ́ta. Ìkan nínú wọn, wàrà ọmọ ọwọ́ ni. Bàbá Géètì ní òun ò ka ìyẹn, ó dá a padà fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì

Alága ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, aago méjì. Ọjọ́ ìkẹyìn ìsinmi nìyẹn.

Mo sọ nílé pé kí gbogbo wọn wá lọ́jọ́ náà, pé màá bọ́ aṣọ ìdáná ní aago méjì, àwa náà á jókòó. Ọmọ mi kékeré ní, "Nínú lọ́hùn-ún la ti máa jẹun, àbí lábẹ́ igi?" Mo ní nínú lọ́hùn-ún. Ó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún padà wá bi mí, bóyá ìdáhùn ti yí padà.

Ìyá ní òun ti gbọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ìkẹyìn

Màá kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Títí di aago kan, tábìlì ṣófo. Mo yọjú síbẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà, Ọ̀gbẹ́ni Díndín ní kí n má fi ojú jẹ tábìlì náà tán. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù, Bàbá Géètì wá sí ilé ìdáná fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní, "Ìyá Ìdáná, ẹ wá wò ó. Òfin ni, mi ò lè yọ ẹnì kankan sílẹ̀ lónìí."

Kúlà kan ṣoṣo ló wà láàárín tábìlì. Búlúù. Ìdérí rẹ̀ ti ya, okùn ni wọ́n fi dè é. Èmi ni mo so okùn yẹn lọ́dún tó kọjá. Ọkọ mi dúró, ó ń wo bàtà rẹ̀. Àwọn ọmọ ń wò mí. Ìyá jókòó sórí àga Bàbá Géètì, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan.

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ ṣe fún mi báyìí?" Kó tó dáhùn, mọ́tò Alága ti dúró.

Ó wo tábìlì. Ó wò mí. "Ó ku ìkan."

"Tèmi ni," Ìyá ní.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Màmá. Ẹ̀yin wo nìyẹn?"

"Ìyá ọkọ Ìyá Ìdáná."

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Alága ní, "Ìdílé tìẹ gan-an, Ìyá Ìdáná?"  Èèyàn mẹ́fà ni mò ń rò: Ẹ̀gbọ́n àti kànrìnkàn rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Díndín tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kúlà ilé mi ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ìyá ní, "Ẹ tú u kẹ́ ẹ tó máa fi ojú bá ọmọ mi wí."

Bàbá Géètì tú okùn. Ó ṣí ìdérí, ó wo inú rẹ̀, ó tì í síwájú Alága. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ nigínnigín, ó ń ta òórùn ọṣẹ.

Ìyá ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sọ fún wa pé àwo kan, gbogbo ilé kì í jẹ ẹ́ tán. Ìyókù ńkọ́? Ṣé ìbòrí mi ni kí n fi dì í lọ sílé?"

Alága tẹ̀ síwájú, ó wo inú kúlà náà. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé kúlà náà kúrò lórí tábìlì fúnra rẹ̀, ó fi fún Ìyá. Ó ní, "Ó ti ṣófo báyìí, Ìyá Ìdáná. Èmi ni mo gbé e kúrò, èmi náà ni màá lọ fa ìwé àwọn elóúnjẹ páálí yẹn ya."  Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Ìyá ní kí n dìde, pé ebi ń pa òun.

Mo bọ́ aṣọ ìdáná. Mo yípo gba iwájú, mo tò sórí ìlà bíi ti gbogbo ayé, mo san ọgọ́rin. Ẹ̀gbọ́n ló gbé tíréè fún mi, ó ní, "Abọ́ mélòó, Madam?" Mo ní márùn-ún.

Kò sí ìjókòó kankan tó ṣófo, èrò ti kún. Bàbá Géètì àti ọkọ mi bá gbé tábìlì ẹnu-ọ̀nà yẹn, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Níbẹ̀ la jókòó sí. Ìyá mú ṣíbí, ó pín in: ti kékeré láìsí àlùbọ́sà, ti àgbà pẹ̀lú àfikún, ti ọmọ rẹ̀, tiẹ̀. Tèmi ló bù kẹ́yìn, ó sì bù ú pọ̀.

Mo jẹ ẹ́ tán. Gbogbo wa la jẹ ẹ́ tán, kúlà padà sílé bó ṣe wá, Ìyá sì ń kùn títí a fi délé pé mo purọ́ fún òun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wa tó sọ pé òun ti jẹun nílé.